Bí a ṣe ń kọ míṣọ̀n géèmù ayé gbalasa láìso okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá a

Míṣọ̀n kẹta nínú géèmù mi, ìyẹn iṣẹ́ kẹta tí géèmù ń rán ẹni tó ń gbá a, ló là mí lójú. Géèmù ayé gbalasa kékeré ni, irú èyí tí o ti lè rìn lọ síbi tó bá wù ọ́: erékùṣù kan, èbúté kan, òkè kan, ìwọ̀nba ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ kóòdù kọ jù mí lọ la jọ ń ṣe é lálaalẹ́. Nínú míṣọ̀n yìí, wọ́n ní kí o lọ jí ìwé gbèsè kan nínú sítọ́ọ̀ tó wà létí omi. Ìgbésẹ̀ méje ni mo tò kalẹ̀: lọ bá ìyàwó ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró kí ilẹ̀ ṣú, ṣí géètì, yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lára ajá, mú ìwé, gbé e fún ẹni tó rán ọ. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó ẹ̀ṣọ́ nìkan, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.

Mo pe àbúrò mi obìnrin kó wá gbá a. Kò tilẹ̀ wo ibi tí ìyàwó ẹ̀ṣọ́ wà. Ó jí ọkọ̀ akẹ́rù kan lójú títì, ó wà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sítọ́ọ̀, ó gun orí rẹ̀, ó fò sórí ògiri, ó bọ́ sínú ọgbà. Ọ̀sán gangan ni o. Ajá wà lódìkejì, kò rí i. Ó wọ ọ́fíìsì, ó wo orí tábìlì. Tábìlì ṣófo. Ó yí kámẹ́rà káàkiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó wá bojú wẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo gan-an lẹ ní kí n wá jí?"

Ìwé ò sí níbẹ̀, torí mo ti kọ ọ́ sínú kóòdù pé àfi tí géètì bá ṣí kí ìwé tó jáde. Kò sí ẹni tó ṣí géètì.

Ohun tí mo wá ṣe ló burú jù. Mo mú ògiri ga sí i. Ó lọ wá ọkọ̀ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi ògiri mìíràn tí ojú ò lè rí lé orí ògiri yẹn. Ó forí sọ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé páàdì tó fi ń gbá géèmù kalẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀. Kò bú mi, kò rojọ́. Ó kàn ti sú u. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún ọ̀nà tí mò ń gbà kọ míṣọ̀n ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ pín fún ẹ̀yin tó ń ṣe géèmù nìyí.

Ìparí ni kí ẹ kọ, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ míṣọ̀n yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ bí ayé ṣe máa rí nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Tèmi di: "Ìwé gbèsè ti kúrò ní sítọ́ọ̀, ó ti dé ọwọ́ ẹni tó rán mi." Ẹ wò ó dáadáa, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, kò sí òru, kò sí géètì. Bí "lẹ́yìn tó bá ti" bá ti yọjú nínú gbólóhùn yín, ẹ ti ń bá ẹlòmíràn rin ìrìn rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́.

Nínú kóòdù, ohun tó yí padà ni irú ìbéèrè tí géèmù ń béèrè. Tẹ́lẹ̀, ìgbésẹ̀ ló ń kà: ṣé ó ti bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó ti ṣí géètì? Ní báyìí, ayé ló ń bi, ìbéèrè méjì péré: ibo ni ìwé wà, ta ló sì mọ ẹni tó mú un? Ìwé ti wà lórí tábìlì láti ìgbà tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, bí tábìlì ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rù pé ẹnì kan lè lọ mú un kí wọ́n tó rán an. Ó lè mú un, kí ló kàn? Ìlà ọ̀rọ̀ kan ló ná wa. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà tí ìwé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ, á wò ọ́ títí, á ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́?" Àwọn tó bá wa dán géèmù wò fẹ́ràn ìlà yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n ńlá, kó wo Breath of the Wild tí Nintendo gbé jáde ní 2017. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ilẹ̀ gíga kan ló wà tí o kò lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láìgbẹ̀mí ara rẹ. Ojúbọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, o lè tò wọ́n bó bá ṣe wù ọ́. Tí o bá ṣe wọ́n tán, wọ́n á fún ọ ní aṣọ tí o lè fi fò bí ẹyẹ, iṣẹ́ tó sì kù ò ju gbólóhùn kan lọ: lọ pa Ganon, olórí ọ̀tá inú géèmù náà, run. Ààfin tó wà nínú rẹ̀ hàn kedere láti ọ̀ọ́kán. Bó bá wù ọ́, kọrí síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó pa ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró lójú ọ̀nà. Apá ibi òtútù tó wà lórí ilẹ̀ gíga yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ èèyàn. Òtútù ló dí ọ̀nà. O lè wá aṣọ tó nípọn wọ̀, o lè se ata jẹ kí ara rẹ gbóná, o sì lè gbé ògùṣọ̀ tó ń jó dání sáré kọjá. Gbólóhùn míṣọ̀n ò dárúkọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi ò ní kí ẹ sọ ìyàwó ẹ̀ṣọ́ nù o. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀nà rárá nílò ẹni tó máa nàka sí ọ̀kan fún un. Ẹ tọ́jú ọ̀nà tí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ sọ ọ́ di àbá.

Ẹ ka iye ibi tí míṣọ̀n yín ti ń kùnà

Ẹ ṣí míṣọ̀n yín, kí ẹ ka gbogbo ibi tí lẹ́tà pupa "O ti kùnà" ti lè jáde. Tèmi jẹ́ mọ́kànlá nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀ṣọ́ rí ọ, o kùnà. Ajá gbó, o kùnà. Ilẹ̀ mọ́, o kùnà. O rìn jìnnà sí èbúté, o kùnà. Mo wá bi ara mi pé ta ni mò ń bá ṣọ̀tá gan-an.

Lónìí, méjì péré ló ṣẹ́ kù: kí o kú, tàbí kí ìwé jóná. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ti di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ayé á sì máa lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ bá rí ọ, á pariwo, á tú ajá sílẹ̀. Bí o bá ráyè sá, olówó sítọ́ọ̀ á gbé ìwé náà lọ sílé rẹ̀ lórí òkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ kò bàjẹ́, ó kàn le sí i ni. Nínú kóòdù, àyè kan ṣoṣo tó ń sọ ibi tí ìwé wà ni, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: orí tábìlì, ilé olówó, ọwọ́ rẹ. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ láàárín ìdajì wákàtí.

Ohun tó pẹ́ ni bí ẹni tó ń gbá a ṣe máa gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbé ìwé lọ sórí òkè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀kan lára àwọn tó bá wa dán an wò sì fi ogún ìṣẹ́jú tú sítọ́ọ̀ tó ti ṣófo. Lójú rẹ̀, géèmù ti bàjẹ́, n kò sì lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo wá fi alábàárù méjì sétí omi, tí wọ́n ń sọ láàárọ̀ pé ọ̀gá ò sùn mọ́jú, pé ó gbé àpótí kan gun òkè lọ. Ìlà mẹ́rin péré. Gbogbo ìgbà tí ayé inú géèmù bá yí padà, ẹ wá ẹnu tó máa sọ ọ́, tàbí àmì tí ojú á rí: géètì tí wọ́n fi àgádágodo tuntun sí, ajá tí kò sí níbi tó máa ń dùbúlẹ̀ sí.

Red Dead Redemption 2 (2018) ni mo máa ń fi ṣàlàyé òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹṣin, òjò, ẹranko igbó, gbogbo rẹ̀ ló ń mí. Àmọ́ wọ inú míṣọ̀n, kí o yà fi ẹgbẹ́ rẹ sílẹ̀ láti wá ọ̀nà ẹ̀yìn, kíá ni wọ́n á sọ fún ọ pé o ti kùnà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìran bọ́ sójú rẹ bí wọ́n ṣe tò ó, wọ́n sì mọ ìtàn sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní irú òṣèré bẹ́ẹ̀ àti owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ fara wé ìyẹn. Òmìnira ni ọjà tí ẹ lè tà.

Míṣọ̀n ìtọpinpin, ìyẹn kí o máa tẹ̀lé ẹnì kan láìjẹ́ kó rí ọ, ni ibi tí ìkùnà ti pọ̀ jù. Bí o bá sún mọ́ ọn, ó tán. Bí o bá jìnnà, ó tán. Ẹni tó ti lépa rélùwéè inú Grand Theft Auto: San Andreas (2004) rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kọ irú rẹ̀, ẹ fún ọkùnrin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilé tó ń sùn, ibi tó ń lọ lójoojúmọ́, àti èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù lójú títì á wá lọ dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ìtọpinpin.

Bébà tí mo fa ìlà sí

Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Mo fa ìlà sórí bébà. Lókè, mo kọ gbogbo irinṣẹ́ tí èèyàn lè ní: òkúta tí a lè jù, ẹran, okùn, iná, ọkọ̀, owó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọ gbogbo ohun tó dí ọ̀nà: ògiri, ajá, ẹ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, iná ńlá tó ń tan yí ọgbà ká. Mo wá ń máàkì ibi tí irinṣẹ́ lè borí ìdènà. Òfin mẹ́ta ni mo fi dè é. Kí ìdènà kọ̀ọ̀kan ní máàkì mẹ́ta, ó kéré tán. Kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù ní lọ́wọ́. Kí irinṣẹ́ kan ṣoṣo má sì gba máàkì lórí ohun gbogbo.

Ajá, fún àpẹẹrẹ. Ẹran á mú un dákẹ́. Òkúta tó bá balẹ̀ sí kọ̀rọ̀ á jẹ́ kó lọ wò ó. Òjò á pa òórùn rẹ mọ́ kúrò ní imú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní sùúrù lè dúró de òjò. Mẹ́ta nìyẹn. Okùn ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́: ó gun ògiri, ó de ẹ̀ṣọ́, ó wọ fèrèsé, kò sẹ́ni tó tún lo ohun mìíràn. Mo wá ní kó máa nílò ibi tó máa kọ́, kí gígùn ún sì máa gba àkókò, kí ẹni tó bá ń tàn fìtílà ọgbà lè rí ọ níbi tí o ti ń rọ̀ dirodiro.

Irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Ní míṣọ̀n kẹta, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń jóná. Ní míṣọ̀n karùn-ún, àbúrò mi gbé iná sí ilẹ̀kùn igi mìíràn, iná kú. "Kí ló wá ṣe eléyìí?" Kò sí ohun tó ṣe é ju pé orí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo kọ "ń jóná" sí. A tú u ká, a kọ ọ́ sára igi: ohunkóhun tí a bá fi igi ṣe ń jóná, ó parí. Láti ìgbà yẹn ni géèmù wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwa fúnra wa kò rò tẹ́lẹ̀. Bí àgọ́ ọ̀tá inú Far Cry 3 (2012) ṣe rí náà nìyẹn: o lè bá aago ìdágìrì jẹ́ kí o tó wọlé, o sì lè dúró lókèèrè, kí o yìnbọn sí àgò tí wọ́n ti ẹranko mọ́, kí ẹranko bá ọ jẹ wọ́n níyà. Wọn ò kọ ọ́ sí míṣọ̀n pé kí o tú ẹranko sílẹ̀. Àgò ṣáà ń ṣí, ẹranko ṣáà ń bínú.

Ẹ óò sì rí i pé èèyàn á rí ọ̀nà kan tó rọrùn, á máa lò ó títí tó fi máa sú u, á wá sọ pé géèmù yín ló sú òun. Ẹ má gba irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Metal Gear Solid V: The Phantom Pain (2015), bí o bá ń yìnbọn lu àwọn ọmọ ogun lórí ṣáá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé akoto irin. Bí o bá ń wá lóru ṣáá, wọ́n á wọ awò tó ń ríran nínú òkùnkùn. Ayé ló dáhùn. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí o bá ti fi ẹran tan ajá lẹ́ẹ̀mẹta, olówó á ra èkejì tí kò fẹ́ràn ẹran.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ kú

Bí ẹ bá fún èèyàn ní ìbọn, á yìn ín lu ẹni tí ẹ nílò jù. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí. Nínú Oblivion (2006), ẹni pàtàkì kì í kú, á dákú, á tún dìde, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Morrowind (2002), tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ṣáájú rẹ̀, gbà kí o pa á, á sì sọ fún ọ gbangba pé o ti já okùn àsọtẹ́lẹ̀, pé kí o padà sí ibi tí o fi géèmù pamọ́ sí tàbí kí o máa gbé nínú ayé tí o ti bàjẹ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn kan tilẹ̀ wà tí ẹni tó ya olórí kunkun lè gbà parí rẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti Fallout: New Vegas (2010). Wọ́n jẹ́ kí o pa fẹ́rẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní agbára lórí ìtàn, àmọ́ wọ́n fi róbọ́ọ̀tì kan síbẹ̀, Yes Man, tó máa ń gbà fún ọ lórí ohun gbogbo. Fọ́ ọ, á wọ ara róbọ́ọ̀tì mìíràn wá bá ọ. Nínú àwọn tó di ìtàn mú, òun ni wọ́n dáàbò bò, ìdí tí kò fi lè kú sì wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀.

Nínú tiwa, ohun tí ẹnì kan mọ̀ wà nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú, lórí ìwé. Bí o bá pa á, yẹ àpò rẹ̀ wò.

Ìdènà tó dára náà wà. Bí ohun gbogbo bá rọrùn láti ibi gbogbo, kò sí ohun tí èèyàn máa rò. Àmọ́ kí ìdènà wà nínú ayé, kí ojú rí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ Elden Ring (2022) á pàdé jagunjagun kan lórí ẹṣin, tó fi wúrà bora, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tó bá jáde síta. Kò sí ògiri níbẹ̀. Lílù tí o bá jẹ ni á sọ fún ọ pé kí o gba ibòmíràn lọ, kí o padà wá. Outer Wilds (2019) tún lọ jìnnà jùyẹn: oòrùn ń bú gbàmù ní gbogbo ìṣẹ́jú méjìlélógún, o tún bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ tó wà lórí rẹ sì ni kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Bí ìtàn bá sì gbọ́dọ̀ ti ẹni tó ń gbá a mọ́ ibì kan, ẹ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kì í bínú sí ẹni tó ṣe géèmù pé òun ò lè jáde.

Ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ panu mọ́

Bí ẹ bá ti ní ohun tó ń rìn, ẹ wá ẹni tí kò mọ géèmù náà, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ẹ má sọ̀rọ̀. Èyí le ju kóòdù lọ fún mi. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti já páàdì gbà lọ́wọ́ àbúrò mi. Gbogbo ìgbà tó bá dán ohun tó bọ́gbọ́n mu wò tí géèmù sì sọ pé rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní méjìdínlógún ní alẹ́ àkọ́kọ́ lórí míṣọ̀n kẹta nìkan. A ò ṣàtúnṣe gbogbo wọn o. Èyí tí ẹni méjì bá dán wò ni a ń ṣe, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo dán wò dúró.

Ẹ jẹ́ kó ṣeé ṣe láti séèfù, ìyẹn láti fi ibi tí èèyàn bá géèmù dé pamọ́, nígbàkigbà, pàápàá kí wọ́n tó wọ ọgbà ọ̀tá. Ẹni tó mọ̀ pé òun á padà sí ìdajì wákàtí sẹ́yìn bí òun bá ṣàṣìṣe, ọ̀nà tó ti mọ̀ ló máa gbà, kò ní dán nǹkan kan wò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tún gbá míṣọ̀n kẹta. Ó fún ajá ní ẹran, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó ju ẹran kejì sínú rẹ̀. Ajá bẹ́ wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wa ọkọ̀ lọ sórí òkè, ó tú ajá sílẹ̀ sínú ọgbà olówó sítọ́ọ̀, ó ní òun fẹ́ kí olówó jáde wá mú ajá rẹ̀ kí òun lè ráyè wọlé. Olówó ò jáde. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó mọ ajá tirẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà kọkàndínlógún, ọ̀rẹ́ mi sì ti dán an wò fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ó ti di ẹni méjì.